Líìfù ọ̀fọ̀ fún òbí tọ́mọ kú fún ní UK: mo ti lò ó, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Àwọn èèyàn máa ń kọ ríbíù fóònù, wọ́n ń kọ ti búkà, èmi fẹ́ kọ ti líìfù. Èyí tí òfin England, Scotland àti Wales ní kí ilé iṣẹ́ fún òbí tọ́mọ ẹ̀ bá kú, Parental Bereavement Leave lorúkọ ẹ̀ lórí ìwé, Jack's Law ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ nílò ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ témi nílò ẹ̀, mi ò rí ẹnì kan tó fi Yorùbá là á yé mi, ojú tó ti wú ni mo fi ń kà á lórí fóònù láago mẹ́ta òru, mò ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó wọ̀ mí lórí.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó, ṣíìfù alẹ́. Oṣù Kẹwàá 2024, oyún ìyàwó mi ti wọ ọ̀sẹ̀ 31, ó ní láti àárọ̀ lòun ò ti gbọ́ kọ́mọ yí mọ́, la bá gbéra ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà, ó wá ní òun ń lọ pe dókítà. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ ti parí. Ó tó ọjọ́ méjì sí i kó tó bí i, ó sì rọbí bí gbogbo abiyamọ ṣe ń rọbí, kò sí ẹ̀dínwó kankan. Ọmọbìnrin ni.

Ọsibítù yẹn gbìyànjú, mi ò ní parọ́. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún wa, ó jìnnà síbi táwọn ọmọ tuntun ti ń ké, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kékeré kan wá tó máa ń tutù nísàlẹ̀ kọ́mọ lè wà lọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ sórí páálí fún wa. Èmi kọ́kọ́ kọ̀, mo ní mi ò fẹ́ rí i. Nílé ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òbí rí i, àwọn àgbà á ti gbé e lọ, ìyá ò ní mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nọ́ọ̀sì ò bá mi jiyàn, ó kàn ní ẹsẹ̀ ẹ̀ mà gùn o, ṣé èmi ló fi jọ. Mo bá yíjú wò ó. Mo gbé e. Mi ò kábàámọ̀.

Ó wá kan ilé iṣẹ́. Ẹ má bi mí lórúkọ wọn ní inbox, mi ò ní sọ. Mo pe máníjà látinú kọ́rídọ̀ ọsibítù, ó ní "sorry for your loss", ohùn ẹ̀ rọ̀ dáadáa, ó wá ní kí n mú ọjọ́ mẹ́ta nínú annual leave mi, pé paternity leave, líìfù bàbá ọmọ tuntun, tí mo ti kọ̀wé fún tẹ́lẹ̀ ò kàn mí mọ́ nítorí pé ọmọ ò sí. Ọmọ ò sí! Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ báyìí. Ẹ wò ó, ẹni tí ìwé tó gbé e wá sílùú wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, kì í sábà lẹ́nu láti fèsì, "thank you ma" ni mo sọ, mo gé fóònù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbà mí. Ó gbọ́, ó pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín, ẹ pe Acas." Acas yìí, ibi tí wọ́n ti máa ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ò kánjú rárá. Bó ṣe yé mi rèé. Tọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá kú, tàbí tí ìyàwó bá bímọ lókùú lẹ́yìn tí oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 24, ọ̀sẹ̀ méjì ni líìfù tí ìyá lè gbà, ọ̀sẹ̀ méjì ni ti bàbá náà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o bá ti gba iṣẹ́ lo ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó tí wọ́n ń san fún líìfù náà ni wọ́n ní o gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ 26 lẹ́nu iṣẹ́ kó o tó lè gbà. Wọn ò sì lè ní kó o mú ìwé ẹ̀rí ikú wá kí wọ́n tó fún ẹ ní líìfù. Tó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ 56 sígbà tọ́mọ kú, kó o ṣáà ti pè wọ́n kó tó tó àsìkò tó yẹ kó o wọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti tó. Paternity leave mi ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí, ikú ọmọ ò pa á rẹ́. Ìyàwó mi náà, gbogbo maternity leave ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 52 ló ní i, pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ 39, bíi pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn owó yìí ò sí lára ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n kọ sórí físà wa pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá fún un torí ìyẹn.

Mo kọ ímeèlì sí HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn wọ́n fèsì, "noted and approved". Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Lucy Herd ló fa òfin yìí. Jack ọmọ ẹ̀ rì sómi ní 2010, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ọjọ́ mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ fún bàbá ọmọ náà, ọjọ́ ìsìnkú sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń pariwo, ó ń kọ̀wé, títí wọ́n fi ṣòfin ẹ̀ ní 2018, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin 2020. Ẹ wáá wò ó, ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà ni máníjà mi kà fún mi ní 2024, nínú líìfù ara mi tún ni.

Owó ẹ̀ ò tó nǹkan o, kí n má tàn yín. £184.03 lọ́sẹ̀ nígbà yẹn, tàbí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó o máa ń gbà, èyíkéyìí tó bá kéré jù ni wọ́n á san, owó orí sì tún máa kúrò nínú ẹ̀. Èyí tí mò ń gbà lọ́sẹ̀ ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Rẹ́ǹtì ò mọ ọ̀fọ̀. Ohun tó gbà wá ni pé ìsìnkú ò ná wa lówó tá a rò. Ní England, láti 2019, ìjọba ló ń san owó ibojì tàbí owó sísun fún ọmọ tí kò tíì pé 18 àti ọmọ tí wọ́n bí lókùú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n tún ń fi tó £300 sórí pósí, wọn ò sì béèrè iye tó ò ń gbà lóṣù. Àwọn tó ń sìnkú ló máa ń gba owó yẹn lọ́wọ́ ìjọba fúnra wọn.

Ibi tí líìfù yìí ti dáa jù, tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ, ni pé o lè pín in sí méjì. O lè gba ọ̀sẹ̀ kan nísinsìnyí kó o fi ìkejì pamọ́, ọ̀sẹ̀ 56 ni wọ́n fún ẹ láti fi lò ó. Ọdún kan ṣáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, ẹ rí i pé wọ́n fi mẹ́rin lé e kí àyájọ́ lè bọ́ sínú ẹ̀. Ẹni tó ronú ìyẹn ti sunkún rí. Èmi fi paternity leave ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo fi ọ̀sẹ̀ kan ti ọ̀fọ̀ lé e, mo fi ìkan tó kù sápò.

Ìyá mi pè láti Òṣogbo, ó ní "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, torí ìyàwó mi tí ò bá a lọ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àmín, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn ńkọ́? Omi tí mo ti sọ lórúkọ. Gbogbo ẹni tó pè, "ìyàwó ńkọ́?" ni wọ́n ń bi mí, pásítọ̀ náà, "ẹ mójú tó ìyàwó o, ẹ̀yin lọkùnrin." Àbúrò mi ọkùnrin n'Íbàdàn tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ kẹta ló ti padà síwájú kíláàsì, nítorí Labour Act, òfin iṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà, ka ọ̀sẹ̀ 12 fún abiyamọ, ó ka ọjọ́ mẹ́fà líìfù ọdọọdún, kò sọ nǹkan kan nípa òbí tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní nígbà tóun dé kíláàsì òun gbàgbé nǹkan tóun fẹ́ kọ́ wọn.

Sands ló tún yẹ kí n fún ní ìràwọ̀, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tọ́mọ jòjòló kú fún lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù fáwọn bàbá, Sands United, Northampton ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2018, orúkọ àwọn ọmọ wọn máa ń wà lára jẹ́sì. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá kan níbi tí wọ́n ti ń gbá a nínú òjò. Òyìnbó kan sún mọ́ mi, kò ní sorry, kò ní kí n gbà fún Ọlọ́run, ó bi mí lórúkọ ọmọ mi, ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn jẹ́sì ẹ̀ kí n ka tiẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo padà síṣẹ́ ni mo yọ ìràwọ̀ púpọ̀ kúrò lára ilé iṣẹ́ mi. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọlé báyìí, ọmọ Filipino kan tá a jọ ń ṣe ṣíìfù fò mọ́ mi, "Congratulations! Boy or girl?" Ọmọ dáadáa ni, kò mọ̀ ni, òun gan-an ló sunkún jù mí lọ nígbà tí mo sọ fún un. Ímeèlì ìlà méjì péré ni kì bá ti jẹ́ káwa méjèèjì bọ́ nínú ẹ̀. Láago mẹ́rin ìdájí, ìyá àgbà kan tá à ń tọ́jú, tó máa ń gbàgbé bóyá òun ti jẹun, ló rí ojú mi tó ní kí n jókòó. Mo sọ fún un. Ó ní òun náà bí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọge, wọ́n fi táwẹ́lì wé e jáde, wọn ò jẹ́ kóun rí i, òun ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní. Mo ti rò pé àwa nìkan là ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbà á ní oṣù Kẹwàá 2025. Ó ti di pé kí n sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo sọ. £187.18 ni wọ́n san lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bá mi dúpẹ́ fún pọ́n-ùn mẹ́ta. Ọjọ́ méjì la fi sùn. Ọjọ́ kẹta ìyàwó mi se mọ́ínmọ́ín, a gbé e dání, a jókòó sí ibojì títí òtútù fi lé wa wọ mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi ìràwọ̀ sí i: òfin gba mẹ́ta, torí ọ̀sẹ̀ méjì ò tó, torí owó ẹ̀, àti torí pé ẹni tí oyún bá bàjẹ́ lára ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20 ò sí nínú ẹ̀. Òfin iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 máa fi wọ́n kún un, wọ́n ní ó di 2027, kò sì ní sí owó lórí ẹ̀. Sands, márùn-ún. Acas, mẹ́rin, mo pẹ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbé e. Ilé iṣẹ́ mi, ẹyọ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ló sì ni ín.