Àgbéyẹ̀wò jẹ́lé-ó-sinmi inú ilé kan ní Àkúrẹ́: ẹ lọ wò ó ní aago 2 ọ̀sán

Ilé gbígbé ni ilé tí à ń sọ yìí, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn Ìjàpọ̀ ló wà: yàrá mẹ́ta, pálọ̀ ńlá kan, ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká. Ìyá tó ni ín ń gba ọmọ oṣù 4 títí dé ọmọ ọdún 3, láti aago 7 àárọ̀ sí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. ₦25,000 ni lóṣù; òbí ló ń gbé oúnjẹ, mílíìkì àti pámpà wá. Oṣù 8 la ti ń lò ó. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé àléébù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ti wo irú ilé bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan káàkiri Àkúrẹ́ yóò ti bá wọn pàdé. Bí ẹ bá ní ká fún un ní máàkì, 7 nínú 10 la máa fún un. Máàkì 3 yòókù, aago 2 ọ̀sán ló gbé e lọ.

Kò sí jẹ́lé-ó-sinmi tí kì í dára láàárọ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀, àwọn áńtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ara ọmọ ń dán. Ìgbà yẹn náà ni òbí tó ń wá ibi tí yóò fi ọmọ sí sábà máa ń yà wò wọ́n kó tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tó bá fi máa di aago 2, ọ̀rọ̀ ti yí padà: iná ti lọ, oòrùn ti mú, áńtì kan wà ní kíṣìnnì, èkejì ti lọ mú àwọn ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìkókó ń sùn nínú yàrá tí wọ́n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Gbogbo ewu tí wọ́n torí rẹ̀ ṣòfin, wákàtí yẹn ni wọ́n máa ń pàdé ara wọn. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ má sì sọ tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nílẹ̀. Sátífíkéètì tí ẹ ó rí lára ògiri, ti CAC ló sábà máa ń jẹ́. Ìwé yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ títọ́. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ òwò sílẹ̀, bí aránṣọ ṣe lè forúkọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Òfin tó kan ọmọ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin 2003 náà ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa kọ orúkọ àwọn tó ń gbowó tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé ara wọn sínú rẹ́jísítà. Òbí ọmọ àti ẹbí rẹ̀ kò sí lára wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi màmá àgbà tó ń gbọ́mọ ọmọ rẹ̀ léèrè ìwé. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi onílé ò ju méjì lọ: ṣé orúkọ yín ti wà nínú rẹ́jísítà, àti pé ọjọ́ wo ni wọ́n wá wo ilé yín gbẹ̀yìn? Bí ìdáhùn bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ lọ béèrè ní Alágbàka, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti lọ́dọ̀ àwọn elétò ẹ̀kọ́.

Onílé yìí kó ìwé tirẹ̀ jáde láìjanpata. Ti panápaná ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní oṣù méjì. Ó tún un ṣe lẹ́yìn tí a tọ́ka sí i. Wolé-wolé ti wá wo ṣáláńgá àti ibi ìdáná. Nínú àwọn áńtì tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹnì kan ní ìwé àyẹ̀wò ara lọ́wọ́, ẹnì kejì ò ní.

Iye èèyàn ló kàn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fi olùtọ́jú 1 sí ọmọ 10 ní ìpele àwọn ọmọ jòjòló. Ẹ má fọkàn balẹ̀ tìtorí nọ́ńbà yẹn. Ibi tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá ni, kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dúró sí. Bí èéfín bá bo ilé, èèyàn kan ò lè gbé ju ọmọ méjì tí kò tíì rìn lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àgbà 1 sí ọmọ 3 la fọwọ́ sí, ó pọ̀ tán 4. Ilé yìí ní ọmọ 11, ìkókó 4 wà nínú wọn, àgbà 3 ló ń tọ́jú wọn. Nínú ìwé, ó dára gan-an. Ní aago 2, ó ku ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ 11. Kò pẹ́ sígbà yẹn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta á tún dé, wọn ò sì kà wọ́n mọ́ ọn, bí ẹni pé ọmọ ọdún 6 ò ní nílò ẹni tó máa mójú tó o. Àtúnṣe rẹ̀ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n dáná ní aago 10, nígbà tí gbogbo àgbà ṣì wà nílé, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ sínú kúlà, kí ẹlòmíì tí kì í ṣe ara àwọn olùtọ́jú máa lọ mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá. Wọ́n ti ṣe ti ìdáná. Ti ìkejì ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ dúró lé lórí. Àwọn ilé wa, torí olè la ṣe kọ́ wọn bí a ṣe kọ́ wọn: bọ́gílárì lójú gbogbo fèrèsé, ilẹ̀kùn irin níwájú, àgádágodo lẹ́yìn. Bí iná bá gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ẹni tó wà ní yàrá ti há síbẹ̀. Nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí, ó kéré tán, bọ́gílárì kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì so mọ́ ògiri nítòsí, lókè ibi tí ọwọ́ ọmọ tó, níbi tí àgbà ti lè mú un nínú òkùnkùn láì wá a. Wélídà ti bá wọn gé ọ̀kan, ó ń ṣí dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ní kí áńtì ṣí i ká rí i, inú báàgì onílé ni kọ́kọ́rọ́ wà, onílé sì wà lọ́jà. Ní gbogbo wákàtí tí kọ́kọ́rọ́ yẹn fi wà lọ́jà, kò sí fèrèsé níbẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn ti wà lára ògiri báyìí.

Agolo pupa tí wọ́n fi ń paná, onípáúdà 6 kg ni wọ́n rà. Ó bá ilé mu, torí pé ó ń pa iná aṣọ àti igi, iná epo àti gáàsì, títí kan èyí tó bá ti ara wáyà wá. Ọwọ́ gééjì gbọ́dọ̀ wà lórí àwọ̀ ewé, àmọ́ gééjì nìkan ò tó. Bí páúdà bá pẹ́ lójú kan, ó máa ń dì sísàlẹ̀. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tú jáde, páúdà á jókòó sínú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ mì ín títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé páúdà ń rìn. Lọ́dọọdún, kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá di pé ẹ fẹ́ lò ó, ẹ fa irin tó wà lọ́rùn rẹ̀ yọ, ẹ dojú rọ́bà kọ ìdí iná, kì í ṣe orí rẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Kò ní pé ìdajì ìṣẹ́jú tó fi máa tán, nítorí náà kíkó ọmọ jáde ló ṣáájú. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ ni kò dáa: òkè sítóòfù gan-an. Tí sítóòfù bá ń jó, ta ni yóò na ọwọ́ kọjá iná lọ mú un? Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde ló yẹ ẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ló bà wá nínú jẹ́ jù lọ. Nítorí òjò àti olè, wọ́n gbé e sí kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn, kò ju mítà 2 lọ sí fèrèsé yàrá ìkókó. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí. Mítà 6 ni kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ó kéré tán, níta gbangba, kí ẹnu sálẹ́ńsà kọjú sí ibi tí ilé ò sí. Fífi ilẹ̀kùn kọ́rídọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí ò ṣe nǹkan kan sí i. Wọ́n ti gbé e lọ sídìí odi báyìí, inú àgò irin tó ní àgádágodo, wọ́n sì ra fáànù oníbátìrì méjì fún yàrá ìkókó, kò fi sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ kí ọmọ tó lè sùn.

Sílíńdà gáàsì ti wà níta látilẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ rọ́bà rẹ̀. Bó bá ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò.

Omi náà ń pa ọmọ, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkè ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà dìde wúwo ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá fi orí ṣubú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò lè yọ ara rẹ̀. Omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 péré tó láti gbẹ̀mí rẹ̀. Gbogbo wa la sì ń pọn omi kalẹ̀ sí bálùwẹ̀ torí pé ẹ̀rọ kì í fìgbà gbogbo yọ. Bóòtù lókè ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, lóde, ló yanjú ìyẹn níbí. Kànga ẹ̀yìnkùlé ní ìdérí, kò ní àgádágodo.

Oògùn kòkòrò, kẹrosíìnì àti omi ìfọǹkan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì, lókè, nínú ike tiwọn gan-an, kì í ṣe nínú ike Coke tàbí ti omi. Wọ́n gba máàkì tó pé níbẹ̀. NAFDAC ti fòfin de títa Sniper inú ike kékeré ní 2019; ilé tí ẹ bá ti rí irú ike bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ń ṣeré, ẹ gbé ọmọ yín padà.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn wú wa lórí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ lélẹ̀, lórí fóòmù tó le, kò sí ìrọ̀rí, kò sí aṣọ tó máa bò ó lójú, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì ta lókè rẹ̀. Áńtì máa ń wọlé wò wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ò sì gbọdọ̀ sé pa mọ́. Ìyẹn láàárọ̀ o. Ní aago 2, a bá ilẹ̀kùn ní pípadé.

Nípa oúnjẹ, wàrà ọmú tí ìyá fún sílẹ̀ kì í kọjá wákàtí 4 níta, ooru oṣù Ẹrẹ́nà wa ò sì ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ láì sí yìnyín nínú kúlà. Mílíìkì agolo tí wọ́n ti pò, wákàtí 2 ni. Kí wọ́n kọ orúkọ àti aago sára ìgò. Ẹ̀pà àti kóró àgbálùmọ̀ ò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ wọn tó, oyin kò sì sí fún ọmọ tí kò pé ọdún kan. Ẹ ní kí áńtì fi ọmọláńgidi hàn yín bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tí nǹkan há sí lọ́fun: ọmọ tí kò pé ọdún kan, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí apá, kó gbá a lẹ́yìn nígbà 5, kó yí i padà, kó tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà nígbà 5. Áńtì kan ṣe é pé pérépéré. Èkejì fẹ́ ki ìka bọ ẹnu ọmọ, èyí tó lè ti nǹkan náà wọnú sí i.

Fún ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ pámpà, bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike Hypo, ife 1 sí ife omi 34 tó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbin kúrò. Kí wọ́n máa pò tuntun lójoojúmọ́, torí pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lọ.

Wọ́n ní ìwé tí ẹni tó wá gbé ọmọ ń fọwọ́ sí, àti orúkọ mẹ́ta péré tó lè gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fún ọmọ ní parasítámọ̀ tàbí àgbo láì jẹ́ pé òbí kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 ò yẹ̀.

Òbí tó ní ọmọ tó ti ń rìn lè gbé e lọ síbẹ̀ lónìí. Òbí ìkókó, kó dúró títí wọn ó fi rí ẹni tí yóò máa lọ mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá, kó sì lọ wo kànga ẹ̀yìnkùlé yẹn fúnra rẹ̀. Títí di Fúráìdè tó kọjá, òkúta ńlá kan ṣì ni wọ́n gbé lé ìdérí rẹ̀.