Kíláàsì júdò kan lẹ́yìn Under G: kóòṣì wọn mọṣẹ́, fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni wàhálà

Tẹ́ ẹ bá wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ ti ń ṣe júdò díẹ̀díẹ̀, tó wá kù kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ìdá tó le, àwọn tí èèyàn fúnra ẹ̀ máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kó tó gbé ẹni kejì ṣánlẹ̀, kíláàsì kan wà lẹ́yìn Under G tó yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa fóòmù wọn tó bá yá, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ohun tó ń jẹ́ kí yoko-sutemi (àwọn ìdá téèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ ṣe yẹn) le fún àwa ni pé láti kékeré la ti ń jà gídígbò lẹ́yìnkùlé, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti kanlẹ̀ ni wọ́n dá, àwọn tó ń wòran á ti hó lé e lórí. Ìgbà tẹ́nì kan wá sọ fún ẹ báyìí pé kó o mọ̀ọ́mọ̀ ju ara ẹ sílẹ̀, ara ò ní gbà rárá. Ẹ máa rí ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, tó bá dé ibi tó yẹ kó ti lọ sílẹ̀ á kàn dúró gbagidi, á wá máa fi agídí fa ẹni ẹlẹ́ni, àwọn méjèèjì á sì wó lu ara wọn. Iṣẹ́ tí kóòṣì yìí mọ̀ jù nìyẹn o, kí wọ́n yọ ẹ̀rù ilẹ̀ kúrò lára èèyàn, wọn kì í sì í kánjú.

Ukemi la fi ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fara pa. Àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ á na ilẹ̀ pàá, o ò gbọ́dọ̀ sé èémí mọ́nú. Ọmọ LAUTECH kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti mọ èyí, ẹ jẹ́ n máa gbé èèyàn." Wọ́n ní, "Lọ ṣubú sí i, ilẹ̀ ò tíì mọ̀ ẹ́." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì padà sẹ́nu ìṣubú.

Yoko-guruma, ọ̀kan nínú yoko-sutemi yìí, ni èmi torí ẹ̀ lọ. Ó wà nínú nage-no-kata, oríṣi ìdá 15 táwọn àgbà júdò máa ń ṣe tẹ̀ léra wọn, òun pẹ̀lú yoko-gake àti uki-waza ló kẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ibòmíì á kàn ṣí fídíò lórí fóònù, wọ́n á ní ṣe bó ṣe ń ṣe yẹn. Kóòṣì yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mú wa. Ẹnì kan ju ẹ̀ṣẹ́ bọ̀ látòkè, o tẹrí wọlé sábẹ́ ẹ̀, o gbá a mú níbàdí pé kó o gbé e dà sẹ́yìn. Òun náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀, á tẹ̀ síwájú kó o má baà rí òun gbé. Ibi tó tẹ̀ sí yẹn gan-an lo fẹ́! Ọwọ́ òsì ẹ ṣì wà níbàdí ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀, wàá wá ju ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, wàá fi ìhà òsì lọ sílẹ̀, á sì yí gbirigbiri kọjá lórí èjìká òsì ẹ, agbára tó fi tẹ̀ síwájú ló gbé e lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọlé fún mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti gbé e, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọwọ́ ẹ̀ nílẹ̀.

Ìparí ẹ̀ tún wà. Tí yoko-sutemi bá kùnà lójú ìdíje, ìwọ lo wà nísàlẹ̀ yẹn, tẹ́ni kejì bá sì dì ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ó ti jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì ò fi ń jẹ́ ká dìde lẹ́yìn èyí tó bá bàjẹ́, wọ́n á ní ká máa jà lọ nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń tánni lókun, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

Wọn kì í ṣeré pẹ̀lú orúnkún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tuntun ò gbọ́dọ̀ dán tani-otoshi wò, ìyẹn kéèyàn na ẹsẹ̀ sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹni kejì kó sì jókòó fà á lọ sẹ́yìn, torí tó bá jókòó lé ẹ̀gbẹ́ orúnkún ẹlòmíì, iṣan ibẹ̀ lè já. Kani-basami ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ẹni kejì mú bí àlùmọ́gàjí? Ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Òun ni Sumio Endo fi ṣẹ́ Yasuhiro Yamashita, ọ̀gá júdò bíi tiẹ̀, lẹ́sẹ̀ ní Jàpáànù lọ́dún 1980, wọ́n ti fòfin dè é nínú ìdíje báyìí. (Yamashita padà gba góòlù Olympics ní 1984 ṣá, ọkùnrin ni bàbá yẹn.)

Ó wá ku fóòmù. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n tò jọ, wọ́n fi tapólì bò ó, tá a bá sì ti ń jà díẹ̀ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ya síra, ẹsẹ̀ á wá wọ àárín. Fún ìdá ìdúró èèyàn lè fara dà á, àmọ́ fún ohun tí ìwọ àti ẹni kejì jọ máa fi gbogbo ara kanlẹ̀, kò bójú mu. Òpó kan tún wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀tún tí wọn ò fi nǹkankan wé, ẹ jìnnà síbẹ̀ o. Mo sọ fún kóòṣì, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó máàtì gidi, mo gbà wọ́n gbọ́ torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lóṣù ò tó iye tí mo ń fi ra dátà, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i kíákíá? Ká tiẹ̀ ní wọ́n fi díẹ̀ lé e, màá san.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, tí ò bá síná wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ooru ibẹ̀ ò kéré. Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan nínú wọn tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí ló ń ran kóòṣì lọ́wọ́, ẹ má fojú kéré wọn, uki-waza wọn ò ní kìlọ̀ fún yín. Tẹ́ ò bá ní aṣọ júdò, wọ́n á yá yín ní jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ gé èékánná yín kẹ́ ẹ tó lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wò ó.