Àkójọ ìwé Palẹ́sítínì tí wọ́n ń tà ní Lágere: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ló ń ta àkójọ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ìtàn. Ojúlówó ìwé àdéhùn ni wọ́n dì pọ̀, kì í ṣe àlàyé ẹnikẹ́ni lórí wọn, ìyẹn nìkan tó ìdí láti rà á.

Ètò rẹ̀ ló wú wa lórí jù. Lẹ́tà McMahon, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Íjíbítì, sí Hussein, olórí Lárúbáwá ní Mẹ́kà (1915 sí 1916) ló ṣíwájú, àdéhùn Sykes-Picot (1916) tẹ̀ lé e, kí lẹ́tà Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, ti 2 Oṣù Kọkànlá 1917 tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ti bá Lárúbáwá sọ̀rọ̀ òmìnira, ó ti bá Faransé pín ilẹ̀, kó tó wá ṣèlérí ilé fún àwọn Júù ní Palẹ́sítínì. Jerúsálẹ́mù ṣì wà lọ́wọ́ Tọ́kì nígbà náà. Oṣù Kejìlá ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí ní Ifẹ̀ á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ohun tí àwọn tó ń ti ìlérí Balfour lẹ́yìn dìmú náà wà níbẹ̀: ìpinnu San Remo ti 1920, níbi tí àwọn tó ṣẹ́gun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ti fi Palẹ́sítínì sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìwé àṣẹ ìṣàkóso (mandate) tí League of Nations, àjọ àgbáyé tó ṣáájú UN, fọwọ́ sí ní 24 Oṣù Keje 1922, tó sọ ìlérí Balfour di òfin. (Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi so apá kan Kamẹrúùnù mọ́ Nàìjíríà.)

Àléébù tó burú jù ni pé abala 22 ìwé ìdásílẹ̀ League kò sí níbẹ̀. Òun ló ní ìfẹ́ àwọn ará ìlú ni kó ṣíwájú nínú yíyan alákòóso, òun sì ni àwọn tó ń tako ìlérí Balfour ń gbójú lé. Ojú ewé kan péré ni; ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ fi síwájú ìwé àṣẹ 1922.

Abala 28 ni ìwé àṣẹ náà ní. Ẹ ṣí abala 25, tó fún Gẹ̀ẹ́sì láyè láti má lo àwọn ìlànà kan ní ìlà-oòrùn Jọ́dánì: wọn ò fi àyè sílẹ̀ létí ìwé nígbà tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ibi ìdìpọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìpinnu 181 ti UN ní 1947, tó ní kí wọ́n pín Palẹ́sítínì sí orílẹ̀-èdè Júù àti ti Lárúbáwá (33 gbà, 13 kọ̀, 10 ò dá sí i), pé pérépéré, àmọ́ àkọlé tí wọ́n fún un ń pè é ní òfin. Ìmọ̀ràn Àpéjọ Gbogbogbòò UN ni.

Ẹ ní kí wọ́n fi spiral dì í. Gọ́ọ̀mù wọn kì í pẹ́ tú, ewé ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ já.