ÌKÌLỌ̀ O: wáípà "idẹ" tí wọ́n tà fún mi, irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mi ò rí oorun gidi sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kílínìn bíi tèmi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ ra nǹkan tẹ́ ẹ máa fi nu wíńdò ilé yín, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe kílínìn n'Ìbàdàn níbí, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán, ọ́fíìsì, ilé tí èèyàn fẹ́ kó wọ̀. Àkísà, bébà ìwé ìròyìn àti ọṣẹ olómi ni mo fi ń nu gíláàsì tẹ́lẹ̀, ó sì ń mọ́, kẹ́nikẹ́ni má rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Àfìgbà tí Àlájà kan ní Akóbọ̀ gbé iṣẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn fún mi, wíńdò mẹ́rìnlélógún, ọ̀dà àti símẹ́ǹtì ti ta sí gbogbo ẹ̀, àwọn tòkè kan sì wà tí àkàbà ò lè dúró lábẹ́ wọn torí gọ́tà. Mo wá ní ó tó àsìkò kí n ra irinṣẹ́ gidi, ìyẹn squeegee tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wáípà (ohun olórí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì), ọ̀pá tó ń fà gùn, aṣọ onírun tí wọ́n fi ń pa omi ọṣẹ sára gíláàsì, àti abẹ tí wọ́n fi ń họ ọ̀dà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ọmọkùnrin tó ń tà wọ́n yìí. Ẹ bá mi wo fídíò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi o! Ó ta omi ọṣẹ sí gíláàsì, ó fa wáípà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látòkè dé'lẹ̀, gíláàsì mọ́ gbáú bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin. "Mummy mi, idẹ gidi ni o, kì í dípẹtà láéláé." Ó tún fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi, ó ń sọ ìtàn, pé ọmọ Ítálì kan tó lọ gbé l'Ámẹ́ríkà, Ettore Steccone, ló ṣe wáípà onídẹ yìí jáde ní Oakland ní 1936, pé èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú wúwo, rọ́bà méjì ló ní, èèyàn á tú síkúrù méjìlá kó tó lè pààrọ̀ ẹ̀. Mo lọ wò ó, òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn! Òótọ́ ló fi gbé irọ́ ẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ẹni tó mọ ìtàn iṣẹ́ tó báyìí, ta ló máa rò pé ayédèrú ló máa tà?

₦96,500 fún gbogbo ẹ̀, ₦4,000 fún wáíbíìlì láti Èkó. Mo ní kí n san ààbọ̀, ó ní rárá, pé tórí wáíbíìlì ni, dírẹ́bà ò lè bá òun gba owó. Bàbá Ìbejì ní kí n kọ́kọ́ ra ẹyọ kan wò ná. Mo dá wọn lóhùn pé wọn ò fẹ́ kí iṣẹ́ mi tẹ̀ síwájú. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo kúnlẹ̀ tọrọ ẹ̀.

Ní Ìwó Road ni mo ti lọ gbà á ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Náílọ́ọ̀nù dúdú, sẹ́lótéèpù yí i ká bí òkú tí wọ́n dì. Mo gbé e lọ sílé láì tú u. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ máa ní ṣé ojú mi fọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, òjò ti ṣú, dírẹ́bà ń pariwo pé ẹrù òun ṣì pọ̀, ta ló máa jókòó ti sẹ́lótéèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì? Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n tú u. Ó yẹ kí n tú u.

Nígbà tí mo délé, mo yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ ìtòsí wa, mo fa ọ̀pá náà gùn tán, mo wọ̀n ọ́n. Mítà mẹ́fà ló pè é fún mi. Mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni mo rí. Mo pè é, ó ní, "Mummy, wọ́n máa ń ka gíga ẹni tó mú un dání mọ́ ọn ni." Ẹ gbọ́ ná! Gíga tèmi tí Ọlọ́run fún mi, òun náà ló tà fún mi? Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dá a padà. Ṣùgbọ́n Sátidé ni iṣẹ́ Àlájà, owó mi sì ti wọlé sí àkáǹtì ẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ̀yin ará! Mo fa wáípà lórí gíláàsì àkọ́kọ́, ìlà omi mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Mo ní bóyá ọṣẹ ló pọ̀ jù, mo da omi nù, mo pò mííì. Ìlà mẹ́ta. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ni, mo tẹ̀ ẹ́ le. Ìlà márùn-ún. Mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wo rọ́bà yẹn dáadáa: ó gan bí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì, etí ẹ̀ rí wúruwùru. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Màmá, ẹ wo tówẹ́lì." Tówẹ́lì funfun ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi nu ọbẹ̀. Mo fi èékánná ha wáípà náà, àwọ̀ ìyeyè ń ṣí kúrò lára ẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà, irin dúdú ló wà lábẹ́. Ọ̀dà! Wọ́n kun irin lọ́dà, wọ́n pè é ní idẹ, wọ́n gba ₦96,500 lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ!

Kò tán síbẹ̀. Ibi tó yẹ kó di ọ̀pá náà mú ò dì í, bí mo ṣe nà án sókè báyìí, abala kejì yọ̀ wọnú àkọ́kọ́ gbàgà, wáípà já bọ́ lórí táìsì. Ibi tó já bọ́ sí gan-an ni ọmọ yẹn dúró sí kó tó lọ pọn omi. Tí mo bá ti rántí ẹ̀, ara mi á gbọ̀n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ abẹ. Èyí ni mi ò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo ní mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo tú abẹ jáde, mo rí ìpẹtà létí ẹ̀, wínníwínní bí ata gígún. Mo rí i. Mo ní kò lè ṣe nǹkan kan, ṣebí mo ti fi omi ọṣẹ sí gíláàsì. Mo fi họ ọ̀dà kúrò lára wíńdò pálọ̀ méjì. Nígbà tí oòrùn yí sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ní nǹkan bí aago mẹ́rin, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kún gíláàsì méjèèjì bíi pé ológbò fi èékánná ya á. Àlájà fi ìka wọn tọ́ ọ, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, èyí ò lè lọ mọ́ o." Wọn ò pariwo, ìyẹn ló tún dùn mí. Wọ́n yọ ₦58,000 owó gíláàsì nínú ₦110,000 tá a jọ dúnàádúrà. Mo gbà pé mo ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí abẹ tuntun fi dípẹtà nínú ike tí wọn ò tíì ṣí rí? Ṣé èmi ni mo dì í sínú ike ni?

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà. Ó ní, "Mummy, ó lọ́nà tí wọ́n ń gbà lò ó." Lẹ́yìn náà ó bílọ́ọ̀kì mi. Báǹkì ní èmi fúnra mi ni mo fi owó ránṣẹ́, kí n lọ kọ̀wé ẹ̀sùn. Mo ti kọ ọ́, mo tún ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ àti rìsíìtì jọ fún àwọn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó lè ràn yín lọ́wọ́. Òòfà kì í fa idẹ, ẹ mú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ dání, tó bá lẹ̀ mọ́ wáípà, irin ni. Ẹ tẹ rọ́bà ẹ̀, kó rọ̀, kí etí ẹ̀ gún régé, kó yọ díẹ̀ ní ìkángun méjèèjì irin tó dì í mú, tí etí kan bá kú ẹ yí i sí èkejì. Ọṣẹ díẹ̀ báyìí ti tó bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ sì máa nu rọ́bà lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á. Ẹ wọn ọ̀pá kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá alumíníọ̀mù tàbí ti carbon ń gbé iná, ẹ má nà án síbi tí wáyà NEPA wà! Abẹ ní tiẹ̀, tuntun tí ò dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò, kí gíláàsì tutù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa tì í sí, ẹ má fà á padà. Kẹ́ ẹ sì wo kọ̀rọ̀ gíláàsì, tẹ́ ẹ bá rí àmì tempered (ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le), ẹ má tiẹ̀ gbé abẹ kàn án láì gba àṣẹ onílé, ó máa ń tètè ní àpá.

Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó ń tajà mọ́ báyìí. Ìyá tí mo ti ń ra búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn ní Ògùnpa látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, lánàá mo gbé òòfà sára ọjà wọn, wọ́n ń wò mí, ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣáà gbé e sí i. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á máa pè ẹ́ ní Mummy títí owó á fi wọlé.

Ó ṣì ń tà á o. Láàárọ̀ yìí mo yá fóònù àbúrò mi, fídíò kan náà ló wà níbẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ₦89,000. Obìnrin kan bi í nísàlẹ̀ pé ṣé idẹ ni lóòótọ́. Ó dá a lóhùn pé, "Idẹ gidi ni, Mummy mi."