Bilstein 5100 lórí Tacoma tòkunbọ̀: ṣọ́kì náà dáa, ojú ìlà tí ẹ gbé e sí ni kí ẹ ṣọ́

Ẹni tó fẹ́ gbé iwájú Toyota Tacoma 2005 sí 2015 sókè, tí kò sì fẹ́ ra sípíríǹgì tuntun, kò lè fi owó rẹ̀ ṣòfò lórí Bilstein 5100. Wọ́n gbẹ́ ìlà mélòó kan yípo ara ṣọ́kì náà; òrùka irin kan ló ń wọnú ìlà, abọ́ tó gbé sípíríǹgì sì jókòó lé òrùka náà. Bí òrùka bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ yóò ṣe ga tó, láti ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ títí dé nǹkan bí ínǹṣì 2.5.

Ìlà tó ga jù yẹn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí iwájú bá ti gòkè, caster yóò dínkù. Ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́: ó fẹ̀yìn tì díẹ̀, kò dúró gangan. Ìfẹ̀yìntì yẹn ni caster, òun ló ń dá sítíárì padà sí àárín lẹ́yìn kọ́nà. Tó bá ti kéré jù, ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọwọ́ yín ò ní sinmi. Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ ni pé àìtó caster kì í jẹ táyà. Camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ wọ inú tàbí síta) àti toe (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe sún mọ́ra tàbí jìnnà síra) ló ń jẹ táyà, nítorí náà àwọn méjì yẹn lọ̀pọ̀ alálàáínmẹ́ǹtì ń lé. Tí àwọ̀ ewé bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ó parí. Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tán, kí ẹ sì fúnra yín ka ìlà caster.

Lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀tì méjì tí ihò wọ́ṣà wọn kò sí láàárín gangan, kí wọ́n lè ti apá náà wọlé tàbí síta. Tí ẹ bá yí ti iwájú wọlé, tí ẹ yí ti ẹ̀yìn síta, caster á pọ̀ sí i. Tí ẹ bá yí méjèèjì síta, orí táyà á tẹ̀ wọ inú. Bọ́ọ̀tì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, ohun tí camber bá jẹ, caster ò ní rí i. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má kọjá nǹkan bí ínǹṣì 1.75 pẹ̀lú upper arm (apá irin òkè) tó bá ọkọ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ 2.5 kó ra upper arm tí wọ́n ti fi àfikún caster ṣe. Èyí tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ ṣeé sún ní àyè púpọ̀ ju èyí tí kò ṣeé sún lọ, ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà tiwa, èyí tí kò ní ohun tó lè tú ni a fara mọ́. Ẹ máa lé 3° sí 4° caster, camber bí òdo, toe wọlé mílímítà 1 sí 2 lápapọ̀. Títì wa tẹ̀ sí ọ̀tún, nítorí náà kí caster òsì fi nǹkan bí 0.3° kéré sí ti ọ̀tún, kí ọkọ̀ má baà máa fà lọ sínú gọ́tà.

Tacoma máa ń tẹ̀ sí apá awakọ̀ látilẹ̀. Ẹ wọn gíga apá méjèèjì kí ẹ tó yan ìlà. Ìpẹtà tún ń lẹ bọ́ọ̀tì lower arm mọ́ inú búùṣì: ẹ fi epo rẹ̀ ẹ́ mọ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gígé ni, àti búùṣì tuntun. Ẹ má fún bọ́ọ̀tì àwọn apá pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Táyà gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀ kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà búùṣì á lọ́, á sì ya láìpẹ́. Sípíríǹgì wà lábẹ́ ìfúnpọ̀ tó lè pa èèyàn, ẹ̀rọ tó ń fún un pọ̀ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe okùn.

Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500, ẹ padà lọ wọn àlàáínmẹ́ǹtì náà. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ alálàáínmẹ́ǹtì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fa ọ̀dà funfun láti orí wọ́ṣà bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá sára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ti já sí méjì, bọ́ọ̀tì ti yọ̀.