Ìlù ojú agbo àbí orin àgbàsílẹ̀ fún eré olórin ní Ilé-Ifẹ̀?

Orin àgbàsílẹ̀ kò náni lówó púpọ̀. Bó ṣe dún nígbà ìfidánrawò náà ló ṣe máa dún lálẹ́ eré. Ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí òṣèré bá fo ẹsẹ kan, orin ti lọ nìyẹn. Bí iná bá sì lọ, ó parí, àfi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlù ojú agbo ní wàhálà tirẹ̀. Lásìkò òjò, awọ dùndún á rọ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ á gan, ó sì lè ya. Kí onílù tètè dé, kó fa ọṣán, kó bá olórin dán ohùn wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìlù bo orin mọ́lẹ̀, torí pé wọ́n to onílù sẹ́yìn olórin, maikirofóònù olórin wá ń gbé ìlù. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ló yẹ wọ́n, níbi tí wọ́n ti lè rí ẹsẹ̀ oníjó. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, ìyá ìlù kan, gúdúgúdú kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tó. Ní ìtàgé ìta gbangba bíi ti ẹ̀gbẹ́ Oduduwa Hall ní OAU, ẹ fi omele kún un, torí afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn lọ.

Èmi ò ní fi orin àgbàsílẹ̀ pààrọ̀ ìlù ojú agbo. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ìyá ìlù á tún gbólóhùn náà sọ títí yóò fi rántí. Kọ̀ǹpútà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Orin àgbàsílẹ̀ wúlò níbi tí eré bá ti nílò fèrè àti gòjé tí kò sẹ́ni tó lè fun ún tàbí ta á.