Social-Belonging: iṣẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó dára, àmọ́ tí kì í dá ṣiṣẹ́

Ní yunifásítì ìjọba tó tóbi bíi ti Texas ní Austin, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní 50,000, ọmọ adúláwọ̀ lè jókòó sí kíláàsì ẹlẹ́ni 300 kó má rí ju ẹni méjì mẹ́ta tó jọ ọ́ lọ. Bó bá wá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísírì àkọ́kọ́, kò ní sọ pé ìdánwò náà le. Á ní, "Àṣìṣe ni wọ́n fi gbà mí síbí." Èrò yìí gan-an ni Social-Belonging (ìyẹn kéèyàn gbà pé òun bá ẹgbẹ́ mu), ìdánrawò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí PERTS, àjọ aláìjèrè kan ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wá gbógun tì.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àwọn fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ ka àbọ̀ ìwádìí kúkúrú: ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ló rò níbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ò bá ẹgbẹ́ mu, ẹ̀rù náà sì rọlẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Lẹ́yìn náà, á ka ìtàn kéékèèké látẹnu wọn. Paríparí rẹ̀, òun náà á kọ̀wé: kí ló ń fa irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, báwo ló sì ṣe ń lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Ìwé kíkọ yẹn gan-an ni egungun ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Òun ló sọ ọmọ náà di agbaninímọ̀ràn dípò aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Iléèwé tó bá yọ ọ́ kúrò torí kó lè yá, ìwàásù lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni kí wọ́n ṣa àwọn ọmọ dúdú nìkan jọ pé kí wọ́n wá ṣe é. Bí ọmọ bá ti fura pé irú òun nìkan ni wọ́n pè, ohun tó máa gbọ́ ni pé, "A ti mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é." Gbogbo ẹni tó ń wọlé ni kó ṣe é, kí ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ funfun sì wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù tiẹ̀ ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọ̀ ara. Bó bá sì di ẹ̀yìn èsì ìdánwò àkọ́kọ́, ó lè ti pẹ́. Ọmọ náà lè ti parí èrò.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Gregory Walton àti Geoffrey Cohen, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tó kọ́kọ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò, tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 2011. Lọ́dún 2012, David Yeager, olùwádìí bíi tiwọn, gbé e dé Austin. Láàárín àwọn adúláwọ̀, àwọn Látínò àti àwọn tí òbí wọn ò lọ yunifásítì, ìpín 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ṣe é ló parí kírẹ́díìtì 12 (ìwọ̀n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún) ní sáà àkọ́kọ́; láàárín àwọn tó ṣe ìdánrawò náà, ó di 86. Ìpín 90 ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n fún ohun ọ̀fẹ́, ó dára púpọ̀.

Níbi tó kù sí rèé. Ìwádìí ọdún 2023, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 26,911 ní ilé-ẹ̀kọ́ 22, fi hàn pé ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè rí àyè jókòó ní ti gidi nìkan ló ti ń so èso. Ẹ ò lè sọ fún un pé ara á tù ú láìpẹ́, kó má sì rí yàrá tó máa wọ̀ tàbí ẹni tó máa kí i. Ní Texas, òfin SB 17, tó ka ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà (DEI) ní yunifásítì ìjọba léèwọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Austin sì ti Multicultural Engagement Center, ibùdó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń pàdé, pa. Lójú tiwa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí èsì ti 2012 níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa ní Houston tẹ́ ẹ máa ń sọ pé, "Ṣá ti kàwé ẹ, má wo ojú ẹnikẹ́ni": ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánrawò náà bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kó má kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléèwé ibi tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń pàdé, àti olùkọ́ tó ń rí àwọn ọlọ́dún kìn-ín-ní ní ẹ̀ka wọn. Ibi tí wọn ò bá ti lè dá yín lóhùn, ẹ má retí pé iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ṣe ohun tí iléèwé fúnra rẹ̀ ò ṣe.